Ẹlẹ́sẹ̀ Àti Alùpùpù Lórí Òkè Òjò Dídì

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì jiyàn rẹ̀ rí, nítorí pé lójoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn lékèélékèé tí wọ́n ń kọjá lórí oko bàbá mi, tí àwòdì ń rá bàbà lókè wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì dí ẹnì kejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù méjì sẹ́yìn, lórí òkè kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mo bá ènìyàn jà nítorí ilẹ̀ tí kì í ṣe tèmi, tí kì í sì í ṣe tirẹ̀, ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé: bí ojú ọ̀run bá tó ẹyẹ, èé ṣe tí ilẹ̀ kò fi tó ènìyàn? Ìtàn náà ni mo fẹ́ rò fún yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ, nítorí pé ibi tí ìtìjú ti bá mi pọ̀ nínú rẹ̀ ju ibi tí mo ti gbọ́n lọ.

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Ẹni tí ó bá mọ Ìdànrè mọ̀ pé ọmọ òkè ni wá. Orí àpáta ni àwọn baba ńlá wa gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tòní dó, títí di òní olónìí sì ni àlejò ń gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 kí ó tó rí ààfin àtijọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo dé ìpínlẹ̀ Colorado láti kàwé, tí mo rí àwọn Òkè Rocky tí wọ́n tò lọ rẹrẹ ní ìwọ̀ oòrùn, ọkàn mi fà sí wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni òjò dídì. Òjò dídì ni Bíbélì wa pè é. Àwọn mìíràn a máa pè é ní yìnyín. Ṣùgbọ́n yìnyín tí a mọ̀ nílé a máa lu páànù gbàgàgbàgà, àwọn ọmọdé a sì máa ṣà á jẹ kí ó tó yọ́. Èyí kì í dún rárá. Bí ẹ̀gbọ̀n òwú ni ó ń rọra bọ́ sílẹ̀ ní òru, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ìwọ a rí i pé gbogbo ayé ti funfun, ó sì ti pa lọ́lọ́, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ bo ayé lẹ́nu.

Òyìnbó kan tí a jọ ń kàwé, tí ó di ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ni ó kọ́ mi ní síkì. Síkì ni pátákó méjì gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tí imú wọn ká sókè, tí à ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí òjò dídì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í máa san owó gọbọi kí okùn irin lè gbé wọn lọ sí orí òkè, kí wọ́n sì máa yọ̀ bọ̀ wálẹ̀. Irú tiwa yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ara wa ni a fi ń gun òkè. A máa ń lẹ awọ kan mọ́ abẹ́ síkì. Ní àtijọ́, awọ ẹran inú òkun ni, ṣùgbọ́n lónìí irun ewúrẹ́ tàbí náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń hun ún. Ẹ rántí bí irun ewúrẹ́ ti rí: bí ẹ bá fi ọwọ́ pa á láti orí lọ sí ìdí, yóò jọ̀lọ̀, bí ẹ bá pa á láti ìdí lọ sí orí, yóò ta ko ọwọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awọ yìí. Ó ń jẹ́ kí síkì yọ̀ síwájú, kò sì jẹ́ kí ó yọ̀ padà sẹ́yìn. Bí a bá gun òkè fún wákàtí mẹ́ta, a óò ká awọ náà sínú àpò, a óò sì yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo ṣàlàyé eléyìí fún bàbá mi lórí tẹlifóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀ ni?”

Iṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jí ní ìdájí, tí ó ti rìn wọ inú igbó funfun tí kò sí ohùn kan níbẹ̀ bí kò ṣe ohùn èémí tirẹ̀, yóò mọ ìdí tí a fi ń lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni owó iṣẹ́ wa.

Ibi tí a sábà máa ń lọ ni Vail Pass. Ọ̀nà mọ́tò ńlá tí wọ́n ń pè ní I-70 ni ó gba orí rẹ̀ kọjá, ní gíga 10,662 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Bí a bá to òkè Ìdànrè mẹ́ta léra wọn, wọn kò ní tó o. Inú igbó ìjọba àpapọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ White River National Forest ni ó wà. Kò jìnnà sí àfonífojì Camp Hale, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti kọ́ síkì láti ọdún 1942, kí wọ́n tó lọ jà lórí àwọn òkè Ítálì ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún eré ìgbà òtútù ní Vail Pass tó nǹkan bí 55,000 éékà, wọ́n sì ti pín in. Apá kan wà fún àwa ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Apá kan wà fún alùpùpù. Apá mìíràn sì wà fún àwọn tí ń fi alùpùpù gun òkè, tí wọ́n sì ń fi síkì sọ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àdán tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ibi ìgúnlẹ̀ mọ́tò kan náà ni gbogbo wa ń gbà wọlé, a sì máa ń pàdé lójú ọ̀nà.

Alùpùpù tí mo ń wí yìí kò ní táyà. Síkì kúkúrú méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, bẹ́líìtì rọ́bà tí ó ní eyín ni ó wà lẹ́yìn, tí ń ha òjò dídì, tí ó sì ń tì í lọ. Pẹ̀lú epo nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn lé ní 200 kílò. Ibi tí àwa fi wákàtí mẹ́ta rìn dé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun yóò fi dé ibẹ̀, a ó sì ti gbọ́ ìró rẹ̀ kí a tó rí i.

Kí n tó dé ibi ìjà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́rọ. Ní Colorado, òjò dídì àkọ́kọ́ ọdún a máa wà nílẹ̀ pẹ́ nínú òtútù líle, a sì máa di hóró hóró bíi ṣúgà, tí wọn kò di ara wọn mú. Èyí tí ó bá rọ̀ lẹ́yìn náà yóò dì lé e lórí bí pátákó. Bí ẹnì kan bá wá gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ lé orí pátákó náà, ní ibi tí òkè ti dagun, ṣúgà ìsàlẹ̀ yóò rì, gbogbo ara òkè yóò sì ya lulẹ̀ gbì! Ènìyàn bí 25 sí 30 ni irú ìyalulẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń pa ní Amẹ́ríkà lọ́dún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìgbà gbogbo ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó bò mọ́lẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n jọ lọ ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fa ọ̀ràn. Bí wọ́n bá hú ènìyàn jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni í yè é. Bí ó bá di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò ju bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ mọ́. Nítorí náà, olúkúlùkù ń so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àyà, tí ń ké lábẹ́ òjò dídì kí àwọn tí ó wà lókè lè wá a rí, ó sì ń gbé ọ̀pá gígùn àti ṣọ́bìrì dání.

Ó jẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì. Òjò dídì ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ka ìkìlọ̀ tí ilé iṣẹ́ tí ń ṣọ́ ọ̀ràn yìí ní Colorado gbé jáde ní òwúrọ̀ náà, a sì yan ọ̀nà tí kò léwu. A ti gòkè fún ìdajì ọjọ́, a wà ní ìsàlẹ̀ ògiri òkè kan tí ó dagun, a sì ń wo ìdagẹ̀rẹ̀ funfun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ lójú, èyí tí a ti ń sọ láti àárọ̀ pé a ó fi sọ̀ kalẹ̀. Àfi bí a ṣe gbọ́ ìró bí ìgbà tí a bá tú agbo oyin. Alùpùpù méjì yọ láti ẹ̀yìn igi. Ọ̀kan sáré gun ògiri òkè tí ó wà lókè orí wa gan-an, ó lọ títí agbára rẹ̀ fi tán, ó yípo, ó sì padà. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ìkejì kọjá lórí ìdagẹ̀rẹ̀ wa, ó lọ, ó bọ̀, títí ibẹ̀ fi dà bí ilẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ tú. Òórùn epo gba gbogbo afẹ́fẹ́.

Inú bí mi. Ẹ̀rù tún bà mí, nítorí pé bí ògiri yẹn bá ya, orí wa ni yóò ya lé. Mo gbé ọ̀pá mi sókè, mo sì kígbe mọ́ ẹni tí ó gun òkè náà. Ó dúró, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì sọ ohun tí n kò lè kọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Mo ní olè ni. Mo ní apànìyàn ni. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí akoto rẹ̀, tí mo sì rí i pé irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òjò dídì tí a dúró lé lórí. Ẹni ọdún bí àádọ́rin ni. Ní Ìdànrè, ìdọ̀bálẹ̀ ni ǹ bá fi kí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ó fa àwòrán ilẹ̀ yọ láti inú àpò, ó sì fi ìka hàn wá. A ti ré ààlà kọjá láti nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn. Òjò dídì ti bo àmì tí ó wà lára igi, a kò sì wò ó. Inú ilẹ̀ alùpùpù ni a wà. Ó ní, “Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn níhìn-ín, kò sí ẹni tí ó lè lé yín. Ṣùgbọ́n n kò rí yín. Ká ní mo rí yín ni, n kò ní gun òkè yẹn lórí yín láéláé.” Ó kí wa, ó sì lọ. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ti ń pe ara mi láti àárọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mo dà.

Mo tọrọ gáfárà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ ti dún. Bí a ti ń padà sílé, mo ń wá àwíjàre fún ara mi. Àwíjàre náà kò sì ṣòfo pátápátá. Ipa síkì mi kò dí ẹnikẹ́ni tí ó gun alùpùpù lọ́wọ́. Kì í gbọ́ mi, kì í gbóòórùn mi, mo sì lè rìn níwájú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó máà mọ̀ pé mo wà láyé. Ṣùgbọ́n òun, ìṣẹ́jú márùn-ún péré tó láti jẹ gbogbo ohun tí mo wá láti ilé tán. Èyí ni ó mú kí ìjà náà le. Ẹnì kan ṣoṣo ni ara ń ta. Ẹnì kejì kò mọ̀ pé ìjà kankan wà, ó sì ń ṣe kàyéfì pé kí ni òun ṣe.

Ìdí nìyí tí ìjọba wọn fi ní láti dá sí i. Ní oṣù Kejì ọdún 1972 ni Ààrẹ Nixon pàṣẹ pé kí àwọn tí ń ṣàkóso ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ya ibi tí irú ẹ̀rọ báyìí lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé sọ́tọ̀, kí wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí ìpalára fún ilẹ̀ yóò fi dín kù, tí ìdààmú fún ẹranko yóò fi dín kù, tí ìjà láàárín àwọn tí ń lo ilẹ̀ náà yóò sì fi dín kù. Ààrẹ Carter fi agbára kún un ní 1977. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùṣọ́ igbó ṣe òfin tiwọn ní 2005, wọ́n fi ti òjò dídì sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá wù. Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kan, Winter Wildlands Alliance, gbé wọn lọ sí kóòtù, adájọ́ sì dá wọn láre ní 2013. Ní 2015 ni wọ́n wá ṣe òfin pé gbogbo igbó tí òjò dídì bá pọ̀ tó gbọ́dọ̀ ya ọ̀nà alùpùpù sọ́tọ̀ lórí ìwé. Mo ka gbogbo èyí ní òru ọjọ́ náà, mo ń wá ibi tí òfin ti gbè mí. Ó gbè mí ní ibi púpọ̀, àfi ibi tí mo dúró sí ní ọ̀sán yẹn.

Níbi tí mo ti ń kàwé kiri ni mo ti pàdé ìtàn ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà. Joseph-Armand Bombardier ni orúkọ rẹ̀, ará Valcourt ní Quebec ní ilẹ̀ Kánádà, tí a bí ní 1907. Mẹkáníìkì ni. Ní ìgbà òtútù ọdún 1934, inú rírun gbé ọmọkùnrin rẹ̀ dè, ọmọ ọdún méjì. Ilé ìwòsàn wà ní Sherbrooke, ọ̀nà rẹ̀ jìn tó 50 kìlómítà, òjò dídì sì ti dí gbogbo ọ̀nà. Ọkọ̀ orí òjò dídì tí bàbá náà ń gbìyànjú láti ṣe kò tíì parí. Ọmọ náà kú. Bàbá náà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1937 ó gba ìwé àṣẹ lórí bẹ́líìtì àti ẹ̀rọ tí ń yí i, ó sì ń ṣe ọkọ̀ tí ń gbé ènìyàn méje, èyí tí àwọn dókítà, àwọn alùfáà àti àwọn oníwèé ń gùn ní ìgbà òtútù. Ní 1959 ni ó tó ṣe èyí tí ó kéré, Ski-Doo, tí ó di ohun eré fún gbogbo ayé. Ó kú ní 1964.

Mo ti ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rántí oko bàbá mi. Láàárín oko kòkó wa àti ìlú, ọ̀nà tóóró kan ni ó wà, ẹsẹ̀ àwọn bàbá ńlá ni ó là á. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà náà, wọ́n ń fi alùpùpù gbé àpò kòkó. Bàbá mi kórìíra wọn. Wọ́n ní wọ́n ń lé àwọn ẹran sá, wọ́n ń sọ ọ̀nà di kòtò, ènìyàn kò sì lè fi ọkàn balẹ̀ rìn lọ sí oko rẹ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gé igi dábùú ọ̀nà. Ní òru ọjọ́ kan, gìrì mú àbúrò mi obìnrin ní abà. Ọlọ́kadà kan tí ó sùn sí abà kejì ni ó gbé ìyá mi àti ọmọ náà gba inú òkùnkùn lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá mi ni ó kọ́kọ́ fi iná ṣáájú rẹ̀ lọ láti wọ́ igi tí wọ́n gé kúrò lójú ọ̀nà. Àbúrò mi ti di ìyá ọmọ méjì báyìí. N kò tún gbọ́ kí bàbá mi bú ọlọ́kadà mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n wá fẹ́ràn ariwo wọn. Wọ́n pe àwọn ọlọ́kadà náà jọ ni, wọ́n sì jọ fi ẹnu kò pé kí wọ́n má ṣe sáré kọjá ibi odò, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pọnmi.

Ẹ̀rín yóò pa yín bí mo bá ní ìtàn yìí tó láti yí mi lọ́kàn padà. Kò tó. Ìwé ni mo kà, ọmọ ẹlòmíràn ni ó kú, àbúrò mi sì ti yè. Ohun tí ó kù dé bá mi nínú oṣù Kejìlá tí ó tẹ̀lé e.

A wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Shrine Pass, ní ilẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti wo àmì náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí a ti ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, síkì ọ̀rẹ́ mi há sábẹ́ igi tí òjò dídì bò. Mo gbọ́ igbe rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti yí. Kò lè dìde. Ibi tí a gbé mọ́tò sí tó kìlómítà márùn-ún, tẹlifóònù kò sì ṣiṣẹ́. Nínú oṣù yẹn, oòrùn kì í dúró di aago márùn-ún, òtútù tí ó sì máa ń tẹ̀lé e lè pa ẹni tí kò lè rìn. Mo wọ aṣọ mi tí ó kù sí i lára, mo gbìyànjú láti fi síkì méjèèjì ṣe ohun tí n óò fi fà á. N kò fà á ju ìwọ̀n ilé mẹ́ta lọ kí agbára mi tó tán. Ó ní kí n máa lọ kí n wá ènìyàn. N kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró náà lókèèrè, ìró agbo oyin yẹn, kò sì sí orin tí ó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sáré lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo sì ju apá. Obìnrin kan ni, òun nìkan. Mo sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, mo sì tọ́ka sí ibi tí ọ̀rẹ́ mi wà, nǹkan bí igba mítà sínú igbó. Ó wa ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀, àmọ́ nígbà tí ó dé ìdí igi tí wọ́n kan àmì ààlà mọ́, ó dúró. Ó wo àmì náà. Ó wá wo ojú mi, ó ní, “Ilẹ̀ yín nìyí. Ṣé kí n wọlé?”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò mọ bí n óò ti ṣe àlàyé ohun tí ìbéèrè yẹn ṣe sí mi. Ẹnì kan wà nínú igbó tí ń gbọ̀n, ilẹ̀ sì ń ṣú, síbẹ̀ obìnrin yìí dúró ní ẹnu ọ̀nà wa bí àlejò tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé, tí ń kan àgánrándì. Àmì tí èmi kò wò nínú oṣù Kejì, tí mo fi bú àgbàlagbà, ni ó wò tí ó sì bọ̀wọ̀ fún. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé.”

A gbé ọ̀rẹ́ mi sórí ẹ̀rọ náà, ó sì di obìnrin náà mú. Àyè kò gba ẹni kẹta. Ó ní òun yóò padà wá mú mi, kí n má dúró sójú kan kí òtútù má baà mú mi. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní èmi nìkan nínú òkùnkùn. Bí mo bá ní kí n gba inú òjò dídì tútù, kí n máa rì dé itan, n kò ní dé ibi kankan ní òru yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀, ó le bí ilẹ̀ àgbàlá, ó sì hàn kedere nínú iná orí mi. Ipa tí mo ti ń ṣépè fún láti ọdún kan ni mo tẹ̀lé, ní ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé ẹsẹ̀ kan, títí mo fi rí iná rẹ̀ tí ó ń padà bọ̀. Ó ju okùn sí mi, ó sì fà mí lọ. Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, mo bèèrè iye tí n óò san. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí èmi náà bá gbọ́ igbe ẹ̀rọ àyà òun lábẹ́ òjò dídì lọ́jọ́ kan, kí n gbẹ́ kíákíá. Lóòótọ́ ni: ìgbì kan náà, 457 kHz, ni gbogbo ẹ̀rọ ìwárí yẹn fi ń ké, ti ẹlẹ́sẹ̀ àti ti ẹlẹ́rọ. Ẹni tí ó bá ń wá ènìyàn kò lè mọ̀ láti inú igbe náà bóyá ẹsẹ̀ ni ó gbé e dé ibẹ̀ tàbí epo.

Orúnkún ọ̀rẹ́ mi ti san. A ṣì ń lọ. Ẹ má rò pé mo wá ń wí pé kí wọ́n ṣí gbogbo òkè sílẹ̀ fún alùpùpù. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n fa àmì ààlà yẹn tu lọ́la, n óò dúró níwájú rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí, bí a kò bá fi odi yí i ká, yóò tán. Ṣùgbọ́n n kò pe ara mi ní ẹni mímọ́ mọ́. Èmi náà ń sun epo lórí I-70 kí n tó dé ibi tí mo ti ń bínú sí òórùn epo. Ní àwọn òkè Teton ní Wyoming, àwọn onímọ̀ ti rí i pé àwọn àgùntàn ìgbẹ́ tí ó kù díẹ̀ níbẹ̀ máa ń sá fún ibi tí àwọn onísíkì ń gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn wà nínú ìgbà òtútù. A kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹranko tí ebi ń pa kò mọ ìyàtọ̀.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kéré. Ní ibi ìgúnlẹ̀ mọ́tò, mo máa ń kí wọn. Ẹ mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tí Yorùbá kò ní ìkíni fún: ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìnáwó epo. Mo máa ń fi ohun tí ó súnmọ́ ọn ní èdè wọn kí wọn, wọn a sì rẹ́rìn-ín. Mo máa ń bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ lónìí, mo máa ń sọ ibi tí àwa ń lọ, a ó sì yẹ ẹ̀rọ àyà ara wa wò bóyá wọ́n ń ké dáadáa. Àwọn kan kì í dáhùn. Àwọn kan ti yí ọ̀nà wọn padà nítorí wa, àwa náà ti yí tiwa padà nítorí wọn. Mo ń wo gbogbo irùngbọ̀n funfun tí mo bá rí níbẹ̀, bóyá n óò rí àgbàlagbà yẹn kí n lè dọ̀bálẹ̀ fún un lórí òjò dídì. N kò tíì rí i.

Nígbà tí mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n bi mí pé, “Ta ló ni òkè náà?” Mo ní gbogbo ará ìlú ni ó ni ín. Wọ́n ní, “Ó tì o. Ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àwọn tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni ó ni ín.” Lẹ́yìn náà ni mo mẹ́nu kan òwe ẹyẹ, mo ní ó dà bí ẹni pé òwe náà kò bá ilẹ̀ mu. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n wo àwọn lékèélékèé dáadáa bí mo bá dé ilé. Wọ́n ní kì í ṣe fífẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n kọlu ara wọn. Olúkúlùkù wọn ń ṣọ́ ìyẹ́ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.